Bísí, gbé ẹsẹ̀ yẹn lé orí itan

Bísí mi àtàtà,

O kú òtútù o, o kú iṣẹ́ alẹ́. Mo gbọ́ voice note ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, ibi tó o ti ní tó o bá ti jí tó o sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ níbi bẹ́ẹ̀dì, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ẹ ní gìgísẹ̀, ibẹ̀ ló ká mi lára jù. Wákàtí 12 lórí ìdúró, tó ò ń gbé àwọn àgbàlagbà dìde tó ò ń gbé wọn jókòó, ẹsẹ̀ wo ni ò ní ké?

Ohun tí mò ń ṣe fún Màámi ni mo fẹ́ kó o máa ṣe fún ara ẹ. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń wọ́ ẹsẹ̀ fún wọn lálaalẹ́. Obìnrin kan ló gbé àwòrán àtẹ́lẹsẹ̀ wá sí àdúgbò wa, ó ní ibi kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ló dúró fún ẹ̀yà ara kan: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni orí, abẹ́ àwọn ọmọ ìka ni àyà àti ẹ̀dọ̀fóró, ibi tó kó wọnú láàárín ni ikùn àti kíndìnrín, gìgísẹ̀ ni ìbàdí. Mo wò ó lórí fóònù, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eunice Ingham, ló ya irú máàpù yẹn nínú àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn tí dókítà kan, William Fitzgerald, ti pín ara sí ọ̀nà 10 láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin àdúgbò wa wá ní tí mo bá ń tẹ ibi kíndìnrín dáadáa, Màámi lè dá oògùn ìtọ̀ ṣúgà dúró. Bísí, mi ò gbà! Kò sí ẹ̀rí pé títẹ ẹsẹ̀ ń wo ṣúgà tàbí kíndìnrín sàn, oògùn wọn ò yẹ̀ lójúmọ́ kan. Àmọ́ oorun tí wọ́n ń sùn báyìí, ojú mi ló ṣe.

Màá kọ́kọ́ fi ìgúnpá tọ́ omi wò, torí ẹsẹ̀ oníṣúgà lè má mọ̀ pé omi gbóná, ó lè bó kó má mọ̀. Màá nu àárín ọmọ ìka, màá wò ó bóyá egbò wà, tó bá wà mi ò ní wọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Màá wá bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, màá rà á títí á fi yọ́. Gìgísẹ̀ wọn là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọyẹ́. Tí mo bá wá ti àtàǹpàkò bọ ibi tó kó wọnú yẹn, mo tẹ̀ ẹ́, mo tú u sílẹ̀, mo sún síwájú bí ekòló, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ibẹ̀ yẹn gan-an, má kúrò níbẹ̀." Ìtàn á bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń rìn láti Mọ̀kọ́lá dé Dùgbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata lórí, oyún mi nínú. Gbogbo ọdún tí mo ti lò láyé, mi ò gbọ́ ọ rí.

Tìẹ yàtọ̀ díẹ̀. Iṣan kan le tantan lábẹ́ ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka, ó máa ń kákò lóru, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń fà á lójijì. Torí náà kó o tó sọ̀ kalẹ̀, gbé ẹsẹ̀ lé orí itan, di ọmọ ìka mú, fà wọ́n sẹ́yìn sọ́nà ojúgun, ka 10 kó o tó tú u, ṣe é bíi ìgbà 10, kó o wá fi àtàǹpàkò wọ́ ibi tó kó wọnú. Tó o bá ti ibi iṣẹ́ dé, yí ike omi tó ti dì sábẹ́ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ sọ́ọ̀kì o, má jẹ́ kí yìnyín kan ara. Má sì máa rìn lẹ́sẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ líle yẹn. Kì í lọ lọ́jọ́ kan, ó lè gba oṣù mélòó kan.

Àmọ́ tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ẹ̀yìn ojúgun gbóná tó ń dùn ẹ́, má wọ́ ọ rárá, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀ kó sì ṣí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọjọ́ náà gan-an ni kó o rí dókítà. Jọ̀ọ́, má sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́.

Mo ti ra òrí sílẹ̀ fún ẹ, ojúlówó, ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ní December á gbé e wá. Màámi ń pè mí báyìí, wọ́n ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Tìẹ,
Tóyìn