Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a fi ń gun òrùlé kí a tó fọwọ́ kan àjà yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Òṣogbo, àti ẹ̀yin tí ẹ ń pè wá láti Ẹdẹ àti Ìkìrun, ẹ kú ìgbà òjò.

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fóònù wa kò ti sinmi, ohùn kan náà la sì ń gbọ́. "Àjà pálọ̀ ti wú." "Ó ti ń já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì." "Ọ̀gá, ẹ wá bá wa dí i lónìí, àlejò ń bọ̀ ní Sátidé." Tí a bá wá dé, tí a ní a fẹ́ kọ́kọ́ lọ wo páànù, àwọn kan máa ń rò pé a fẹ́ sọ iṣẹ́ kékeré di ńlá. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn.

Ẹ̀bi tèmi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, a dí àjà yàrá kan fún ìyá kan ní Òkè-Fìà. Ihò náà kò ju ẹnu abọ́ ìfọwọ́ lọ. Àjà ọlọ́nà ni, irú èyí tí wọ́n fi kàn-ìn-kàn-ìn tẹ̀ káàkiri nígbà tí POP rẹ̀ ṣì tutù. Mo dúró nínú yàrá, mo wòkè, n kò rí omi, oòrùn ń ràn, mo ní kò séwu. A dí i, a tẹ ọnà sí i, a kùn ún. Màmá ṣàdúrà fún wa títí a fi dé ẹnu géètì. Kò ju òjò mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí gbogbo ibi tí a dí fi já lulẹ̀ lóru, ó tún fa apá kan ti àtijọ́ tí kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ bọ́. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, Màmá kò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ẹ rò pé òjò ò ní rọ̀ mọ́ ni?"

Ìṣó kan ṣoṣo lórí páànù ló fa gbogbo rẹ̀. Rọ́bà abẹ́ orí ìṣó náà ti gbẹ, ó ti sán, àyè tí omi ń gbà wọlé kò ju ẹnu bírò lọ. Kò tilẹ̀ sí lókè ibi tó jábọ́ yẹn. Ó jìnnà sí i tó ìnà ọwọ́ méjì. Wọ́n máa ń sọ pé onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò. Ní ti àjà, onílé kì í sábà mọ̀ ọ́n, nítorí omi máa ń bá igi rìn títí yóò fi rí ibi tó rẹlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti kán. A tún iṣẹ́ Màmá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, owó káfíńtà sì jáde lápò mi. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì là ń wá: a wá wò ó, a tún wá ṣe é.

Àwọn kan á ní, "Páànù ti dára báyìí, kí lẹ tún ń dúró dè?" Gbígbẹ ni. Òkúta funfun kan tí wọ́n ń pè ní gypsum ni wọ́n ń yan lórí iná títí púpọ̀ nínú omi rẹ̀ fi jáde, tí wọ́n wá lọ̀ ọ́ kúnná di POP. (Plaster of Paris ni POP. Láti ìlú Paris ló ti gba orúkọ rẹ̀, torí wọ́n wa òkúta náà púpọ̀ ní òkè Montmartre níbẹ̀.) Tí a bá bu ìyẹ̀fun yẹn sómi, yóò gba omi rẹ̀ padà, yóò móoru lọ́wọ́ ẹni, kó tó pẹ́ ó ti gan, ó ti padà di òkúta. Ṣùgbọ́n òkúta tó ń mumi bíi búrẹ́dì ni. Tó bá ń rẹ léraléra, á rọ̀, á wúwo, fíbà tó so ó mọ́ igi á máa jẹrà, ìṣó á dípẹtà. Ojú rẹ̀ sì lè gbẹ kí inú rẹ̀ má tíì gbẹ. Ẹ lè fi ìka kàn án wò: èyí tó gbẹ á dún kó-kó, èyí tó tutù kì í dáhùn dáadáa. Bí ẹ bá sì rí i tó wú bí ikùn, ẹ pa iná mànàmáná yàrá yẹn ná, ẹ kó ẹrù kúrò, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi igi gígùn ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ibi tó rẹlẹ̀ jù. Ó sàn kí omi jáde níbi kan ju kí gbogbo rẹ̀ wó lọ.

Ihò dídí kì í gba àkókò. Ọnà ló ń jẹ ọjọ́, ọnà náà ló sì máa ń mú kí owó wa jọ yín lójú. Ọwọ́ tó tẹ ọnà sí àjà yín lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn kì í ṣe ọwọ́ wa. Ẹlòmíì lo kàn-ìn-kàn-ìn, ẹlòmíì yí búrọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíì fi ìyarun ya á bí ẹni ya irun. Àwa á kọ́kọ́ dán an wò lórí páálí igi ní ṣọ́ọ̀bù, a ó gbé e wá sábẹ́ àjà yín, a ó fi wé e. Nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹrin la ó tún un ṣe. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Tí mo bá rí àjà tí yíyí rẹ̀ kọrí sódì, òun ni mo máa ń rán gun àkàbà. Ọ̀dà náà tún wà níbẹ̀: ilé tí wọ́n ti kùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀dà ti kún inú ọnà rẹ̀, nítorí náà tuntun tó bá jinlẹ̀ jù á yọ jáde láàárín wọn. Àbàwọ́n omi tó dà bíi tíì kò ní gbọ́ ti ọ̀dà olómi. Ọ̀dà olóróró la fi ń bò ó kí á tó kun èyí tó kù, láti ògiri dé ògiri. Ibi tí a bá dá kùn nìkan, ojú ni yóò máa lọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi ṣeré. Àwọn ọmọ yín ní Amẹ́ríkà ń fi fídíò ránṣẹ́ níbi tí ẹnì kan ti ń wọ́n omi sí àjà oníkókó, tó ń fi irin há a kúrò. Níbẹ̀, púpọ̀ nínú irú àjà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe kó tó di 1980 ni asbestos, fọ́nrán òkúta tó léwu tí èèyàn bá fà á símú, wà nínú rẹ̀; 1978 ni òfin wọn dá fífọ́n ọn sí àjà fún ẹ̀ṣọ́ dúró. Nílé wa, páálí eérú líle tí wọ́n kàn mọ́ àjà ilé àtijọ́ ni ẹ máa ṣọ́ra fún, torí asbestos lè wà nínú rẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, eruku rẹ̀ sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ. A kì í há a, a kì í fi sáńpépà kan án, a kì í fi ayùn rẹ́ ẹ. Bó bá ṣì dúró dáadáa, a ó ṣe àjà tuntun sábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá èyí tó bá fọ́.

Èyí tí ẹ lè ṣe fúnra yín ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun lórí àjà POP. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ là á díẹ̀, ẹ gbọn eruku rẹ̀, ẹ fi omi tù ú, kí ẹ bu POP díẹ̀ sínú omi, kì í ṣe omi sórí POP, nínú abọ́ tó mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ tètè fi kàn-ìn-kàn-ìn tútù nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó má bo ọnà. Ẹ má ṣan ìyókù rẹ̀ sí ojú síǹkì o, inú páìpù ni yóò ti gan. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tì í tó sì mì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ pè wá.

Tí kò bá kán yín lójú, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé kí á tó ṣe iṣẹ́ ńlá. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ ṣáájú, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ara àjà kọjá. Òjìji ọnà náà á hàn. Ẹ ya ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, kí á rí gbogbo yàrá. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, fídíò ni kí ẹ ṣe, kí á gbọ́ ibi tó ti ń kán.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá POP yín, Òṣogbo