Àtúnṣe Awọ Tí A Ti Bó Kọjá Ọsàn Wẹ́wẹ́ àti Kànìnkànìn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tó ń gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Èkìtì, pàápàá ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́. Bí awọ ẹni tó ń bóra bá ti di aláràbarà, tí ojú pọ́n, tí oríkèé ìka àti orúnkún sì dúdú síbẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní ojú Fáńtà ẹsẹ̀ Kóòkì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni olúwarẹ̀ ń sáré lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí báíkíǹ sódà, kí ó fi kànìnkànìn ha ara pẹ̀lú rẹ̀, àbàwọ́n náà yóò sì ṣí.

Ìmọ̀ràn náà wúlò fún àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Àwọn òyìnbó tí wọ́n fẹ́ kí ara wọn dúdú díẹ̀ láìyá oòrùn máa ń fi ìpara tó ní èròjà dihydroxyacetone para. Èròjà yìí kì í kọjá òkè awọ pátápátá, níbi tí awọ ti kú tán tó sì ń bọ́ dànù fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ náà kì í fi í sábà pẹ́ ju nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 10 lọ. Bí ó bá dúdú jù ní ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọrùn ẹsẹ̀, òkú awọ tó pọ̀ níbẹ̀ ló mu ún yó, fífọ̀ àti híha díẹ̀díẹ̀ sì lè mú un kúrò.

Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inú awọ tó wà láàyè ni ìpara abóra ti ń ṣiṣẹ́, tí ó ń dí ara lọ́wọ́ láti pèsè èròjà tó ń mú awọ dúdú. Oríkèé ìka dúdú nítorí pé awọ ibẹ̀ nípọn, a sì ń fi í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí ìpara kò fi lè mú un bó ṣe mú ojú. Kí wá ni kànìnkànìn fẹ́ fọ̀ kúrò níbẹ̀? Awọ tí ìpara ti sọ di ẹlẹgẹ́ ni yóò bó, egbò ni yóò sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní ti ọsàn wẹ́wẹ́, bí omi rẹ̀ bá wà lára tí oòrùn sì pa á, ó lè jó awọ títí yóò fi lé ròrò, kí àpá dúdú sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oòrùn wa níhìn-ín kò kéré, ẹ̀yin náà mọ̀.

Èyí tó burú jù lójú mi ni ti hydroquinone, èròjà kan tí wọ́n ń fi sínú ìpara abóra. Bí ènìyàn bá lò ó pẹ́, ó lè mú kí àwọ̀ dúdú tó fẹ́ jọ aró yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ ojú. Olúwarẹ̀ yóò rò pé ìpara òun ni kò lágbára tó, yóò ra èyí tó le sí i, ojú náà yóò sì túbọ̀ ṣú. Dúdú irú èyí kì í tètè lọ, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ lọ tán. NAFDAC kò gbà kí hydroquinone inú ìpara ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ó sì ti fòfin de mercury tó ń ba kíndìnrín jẹ́, tó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní ìjàǹbá, ṣùgbọ́n ta ló ń wọn ohun tí a pò sínú ike lẹ́yìnkùlé, tí a wá pè ní ọ̀gánííkì?

Ohun tí ènìyàn lè ṣe nílé kò pọ̀. Kí ó dẹ́kun híha ara, kí ó jáwọ́ nínú hydroquinone, kí ó máa fi òrí tàbí fasilíìnì para ní kété tó bá wẹ̀ tán tí omi ṣì wà lára, kí ó sì máa bo ara lọ́wọ́ oòrùn pẹ̀lú fìlà, agboòrùn àti aṣọ alápá gígùn. Ṣùgbọ́n bí a bá rí clobetasol tàbí betamethasone, àwọn oògùn awọ tó lágbára, lára páálí ìpara rẹ̀, tí ó sì ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì láìrí dókítà, nítorí ojú lè pọ́n kó sì máa ta á bí iná. Àwọn oògùn wọ̀nyí náà ló ń jẹ́ kí làpálàpá fara pamọ́ kó sì máa ràn káàkiri, tí awọ fi ń sán, tí egbò kì í fi í tètè jinná.

A ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó, a tún ní ọ̀kan ní Ìdó-Èkìtì. Kí wọ́n lọ béèrè ìtọ́jú awọ níbẹ̀. Ẹni tí ìpara tirẹ̀ kò bá sì ní orúkọ kankan lára, kí ó gbé ike náà dání lọ fún dókítà, ì báà tilẹ̀ ti tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìjigbò, Adó-Èkìtì.