Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí gàrí wa fi ń gba ọjọ́ kí ó tó dé ọwọ́ yín

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi, ẹ kú àtìlẹ́yìn. Ìbéèrè kan ló pọ̀ jù lẹ́nu yín: kí ló dé tí ẹni tó sanwó lọ́jọ́ Ajé fi ń dúró di ọjọ́ Ajé mìíràn, nígbà tí gàrí kún ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde fọ́fọ́? A fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa.

Gbágùúdá kì í dúró de ènìyàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá wú u tàbí ọjọ́ kejì la gbọ́dọ̀ bó o. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ gé e láàárín, ẹ ó rí ilà dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ti ń rìn nínú rẹ̀, gàrí irú rẹ̀ kì í funfun. Lẹ́yìn tí a bá bó o, tí a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó di ẹ̀rọ. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Sáyánáìdì wà nínú gbágùúdá, májèlé ni. Nígbà tí iṣu rẹ̀ wà lódindi, májèlé náà so mọ́ èròjà kan tó dà bíi ṣúgà. Lílọ̀ ló ń jẹ́ kí èròjà mìíràn tó wà nínú gbágùúdá kan náà bá a pàdé, kí ó sì tú u sílẹ̀. Nítorí náà ni a kì í gba ẹ̀rọ tí eyín rẹ̀ ti kú: bí ó bá lọ̀ ọ́ ní kúlúrú kúlúrú, àárín kúlúrú náà kò ní tú. Ohun tó bá tú sílẹ̀, apá kan á bá omi lọ nígbà tí a bá fún un, ìyókù á bá ooru lọ lórí iná. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń jẹ́ kí ó wà nínú àpò kí ó kan, ọjọ́ kẹrin la ń gbé jáàkì lé e, ọjọ́ karùn-ún la ń jọ̀ ọ́, tí a sì ń yan án.

Àwọn kan á ní ìlànà àtijọ́ lásán nìyẹn. Rárá o. Ní 1963, FAO àti WHO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti èyí tó ń rí sí ìlera, dá ìgbìmọ̀ Codex Alimentarius sílẹ̀, kí orílẹ̀-èdè kan lè ra oúnjẹ lọ́wọ́ èkejì láìfòyà. Gàrí ní ìlànà tirẹ̀ níbẹ̀. Sáyánáìdì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 12 lọ nínú 100. Kíkan rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 0.6 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ju 1 lọ. Ẹ ò rí i pé ìlànà àgbáyé fúnra rẹ̀ ló ní kí gàrí kan! Gàrí ọjọ́ kan tí kò ní ìtọ́wò kankan kò lè dé ibẹ̀.

Ti omi yẹn, ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ wọn gàrí gíráàmù 100, ẹ tàn án pẹrẹsẹ sínú àwo irin, ẹ fi sínú ààrò tí iná rẹ̀ kò le, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Tó bá kù sí 88 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Tó bá kù sí 84, á bu láìpẹ́. Àṣìṣe tó sì máa ń ba gàrí tó gbẹ dáadáa jẹ́ ni kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná: ooru á di omi lára ọ̀rá, omi á kán padà sínú gàrí. Àwa ń tàn án sílẹ̀ títí á fi tutù pátápátá.

Ẹ tún ń béèrè owó. Kílò gbágùúdá 4 sí 5 ló ń di kílò gàrí kan, ẹ fi ọkọ̀ àti igi ìdáná kún un. Ọ̀nà oko ló ń dá wa lóró jù. Ní 2003, ní Maputo ní orílẹ̀-èdè Mozambique, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìjọba yóò máa lọ sí iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n sì tún ṣe ìlérí náà ní Malabo ní orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea ní 2014. Nàìjíríà kò tíì mú un ṣẹ. Àìmú ìlérí yẹn ṣẹ dùn wá, torí ọkọ̀ tó bá rì sínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ méjì, gbágùúdá inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ rere wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, kòkòrò funfun kan bí ìyẹ̀fun tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà ń gbẹ ọ̀mùnú gbágùúdá káàkiri Áfíríkà. Wọ́n rí agbọ́n tíntínní kan ní Paraguay tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà, tí ó sì ń pa á, ní 1981 ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Láìsí agbọ́n yẹn, gàrí ì bá ti wọ́n ju báyìí lọ.

Gàrí pupa tí a fi kún ọjà wa kì í ṣe èyí tí a da epo sí. Irúgbìn gbágùúdá tí inú rẹ̀ pọ́n ni, tó ní fítámì A, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2011. Oòrùn àti ìmọ́lẹ̀ ń jẹ fítámì náà, nítorí náà ẹ má fi í sínú ìgò tó ń dán lórí fèrèsé. Ẹ fi í sínú àgbá tó ní ìdérí, kí ẹ sì tètè jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ṣí ọ̀rá, tí gàrí rọ̀, tàbí tí ó ní òórùn bu, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì tún un yan. Ẹ dá a padà pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ sára ọ̀rá, a ó pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.