Sí ọmọ mi tó fẹ́ di olùdarí ọ̀kẹ́sítírà

Àdùkẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ara gbogbo wa le, bàbá rẹ náà ní kí n kí ọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní olùdarí ọ̀kẹ́sítírà, ẹni tó ń fi ọ̀pá darí ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo ohun èlò orin, lo fẹ́ dà, o sì ń béèrè bóyá kí o pa violin tì kí o lè ráyè kọ́ ọ. Inú mi dùn sí ti àkọ́kọ́. Nítorí ìkejì ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí: má pa á tì rárá.

Nínú gbogbo ẹni tó wà lórí ìtàgé, olùdarí nìkan ni ohun ọwọ́ rẹ̀ kì í dún. Bó fì ọ̀pá rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èémí àti ìka àwọn ẹlòmíràn ló máa dún. Ẹni tí kò jókòó láàárín wọn rí kò lè mọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn: bí apá ṣe máa ń ro ẹni tó ń ta violin bí orin bá gùn, ibi tí afọnfèrè ti gbọ́dọ̀ mí, bí ohùn iwájú ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé etí àwọn tó wà lẹ́yìn. Jókòó síbi tí o wà nínú ọ̀kẹ́sítírà yín. Bí adarí yín bá dá orin dúró, má wo fóònù. Wádìí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ tí tìrẹ kò gbọ́.

Inú yàrá, níwájú ìwé orin, ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà. Fún àwọn ohun èlò kan, ohùn tí a kọ sínú ìwé kọ́ ló ń dún. Klarinẹ́ẹ̀tì B-flat, bí olórin bá ka ohùn C nínú ìwé, B-flat ló ń dún. Họ́ọ̀nù F, bó bá ka C, F ló ń dún. Olùdarí yóò fi ojú kan ka gbogbo ìlà wọ̀nyí pa pọ̀, yóò sì ti gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọn nǹkan kan. Nítorí náà, fi píánò kún violin. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ fi kún un. Ọ̀pọ̀ ìwé orin àtijọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí IMSLP, ibi ìkówèé orin kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn tó kọ orin sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Haydn, fi Mahler, tí tirẹ̀ pọ̀ jù, sílẹ̀ ná.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 1943, Bruno Walter, olùdarí tó yẹ kó darí lọ́jọ́ náà, ṣàìsàn, igbákejì olùdarí, Leonard Bernstein ẹni ọdún 25, sì bọ́ síwájú ọ̀kẹ́sítírà New York Philharmonic ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall láìsí ìfidánrawò, rédíò sì ń gbé e. Àwọn èèyàn a ní orí ló bá a ṣe é. Orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ igbákejì ni láti mọ gbogbo orin tí ọ̀gá fẹ́ darí, bí wọn ò tilẹ̀ ní pè é.

Ipò olùdarí kò pọ̀, mi ò ní tàn ọ́. Ìtàn Dean Dixon máa ń dùn mí. Ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Harlem ní New York ni, wọ́n bí i ní 1915. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti kó ọ̀kẹ́sítírà tirẹ̀ jọ. Ní 1941 ó darí New York Philharmonic, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kẹ́sítírà ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó fún un níṣẹ́ gidi. Ní 1949 ó kọjá sí Yúróòpù: ó darí ní Gothenburg ní Sweden, lẹ́yìn náà ọ̀kẹ́sítírà rédíò Frankfurt ní Jámánì, àti Sydney ní Australia. Ọdún 1970 ló tó padà wá darí nílé. Marin Alsop náà, ọmọ violin bíi tìrẹ, dá ọ̀kẹ́sítírà tirẹ̀, Concordia, sílẹ̀ ní 1984. Ní 2007 ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olùdarí àgbà ọ̀kẹ́sítírà ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní Baltimore. Àwọn méjèèjì kò dúró de ẹni tí yóò pè wọ́n. Wọ́n kó èèyàn jọ.

Ìwọ náà, kó wọn jọ. Violin mẹ́rin, viola méjì, cello méjì ti tó. Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin sílẹ̀, kọ orin African Suite rẹ̀ ní 1944 fún ohun èlò olókùn àti hápù. Bí ẹ ò bá rí hápù, kí píánò gbà á. Má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú akọrin ìjọ. T.K.E. Phillips darí orin ní kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962, abẹ́ rẹ̀ sì ni Sowande ti kọrin lọ́mọdé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọ ni àwọn àgbà. Ìwọ lo máa kéré jù níbẹ̀, ìwọ lo sì máa dá wọn dúró. Kí ìfidánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kúnlẹ̀ kí wọn bí a ṣe kọ́ ọ. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, tí àgbà sì ṣì í, má bojú wẹ̀yìn, sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká tún un mú láti ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà B sí nínú ìwé." Sọ ibi tó ti bàjẹ́ àti bí o ṣe fẹ́ ẹ, má dárúkọ ẹnì kan. Mo ti rí adarí tó bú obìnrin kan tó ń kọ ohùn alto, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, níwájú gbogbo àwa akọrin. Obìnrin náà kò padà wá mọ́, ohùn rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ.

Ní ti owó, ebi ni bàbá rẹ ń bẹ̀rù, kò burú. Máa kọ́ àwọn ọmọdé ní violin lọ́sàn-án Sátidé, bí wọ́n bá sì pè ọ́ wá ta á níbi ìgbéyàwó, má kọ̀. Mo ti bá bàbá rẹ sọ ọ́, ó gbà kí o gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún méjì lẹ́yìn ìdánwò rẹ.

Bí o bá ti rí àwọn mẹ́jọ náà, kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ máa pàdé ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni n ó san owó àwọn ìwé orin tí ẹ máa tẹ̀, oúnjẹ wọn náà wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Màmá rẹ