Ẹ má so wọ́n mọ́lẹ̀ mọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn tẹ́ ẹ gbé jáde nípa àwọn tí ẹ̀mí máa ń gùn tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ nílé àdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọn ò ní ká má gbàdúrà níbẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi obìnrin. Tó bá ti dòru ohùn ẹ̀ á yí padà, á máa sọ̀rọ̀ bíi bàbá arúgbó, á ranjú mọ́ àjà, tílẹ̀ bá mọ́ kò ní rántí nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta la lò nílé àdúrà kan, àpá ṣéènì ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀ dòní, mi ò lè wò ó kí omi má bọ́ lójú mi. Ìgbà tá a dé ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá ni dókítà bi wá pé ṣé ó máa ń sùn, ṣé wárápá wà nínú ìdílé, ṣé nǹkan kan ti bà á lẹ́rù rí, kò sẹ́ni tó bi wá bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìtìjú ló ń dá wa dúró, tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ Yaba Left, bí wọ́n ṣe ń pe ọsibítù Yábàá yìí, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ọsibítù yẹn ti wà láti 1907. Ní ọsibítù ọpọlọ Aró l'Abẹ́òkúta, ní bí 1954 ni Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹbí sì máa ń bá aláìsàn gbé lábúlé ìtòsí nígbà náà. Pásítọ̀ tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó tẹ̀ lé wa lọ sí wọ́ọ̀dù.

Aránṣọ, Ṣómólú