Ìròyìn tí ọmọ wa kò kà

Ẹ̀yin ọmọ mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìròyìn láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde,

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń ka ìròyìn lórí rédíò wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ odò abúlé kan tí iléeṣẹ́ kan sọ omi rẹ̀ di dúdú. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun ti gba ohùn àwọn obìnrin ibẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wí yẹn ló ń sanwó ìròyìn aago méje. Ọ̀gá ní ká fi í sílẹ̀. Mi ò ṣáà parọ́."

Kò parọ́! Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Ìwé ìròyìn ni mo ń tà ní Màkún nígbà ayé ológun. Ní 1993, ìjọba ti Concord, Punch àti Sketch pa, wọ́n ti rédíò tiwa gan-an, OGBC l'Ábẹ́òkúta. Ìwé ìròyìn TELL tó ń jáde ní bòókẹ́lẹ́, inú àpò gàrí ni mo ń kì í sí. Oníbàárà á ní òun fẹ́ gàrí tó kúnná, èmi náà á wo ọ̀tún wo òsì. Tí mo bá fà á yọ, gàrí á ti lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀gágun tó wà níwájú ìwé, màá fi apá aṣọ nù ún. Wọ́n mú mi lẹ́ẹ̀kan, mo sùn sí àtìmọ́lé.

Àmọ́ gbogbo ìlú ló rí àgádágodo nígbà yẹn. Èyí tí ọmọ wa ṣe yìí, ta ló rí i? Orin ń lọ, aago méje lù, àwọn ará abúlé ò gbọ́ orúkọ odò wọn.

Tribune tí Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ dá sílẹ̀ ní 1949, ti olóṣèlú ni, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á mọ ẹni tó ni ín. Ta ló ni ìròyìn aago méje yín?

Ẹ má sọ fún mi pé ayé ti le. Òfin Kẹrin tí ìjọba ológun ṣe ní 1984 ní ọ̀rọ̀ ì báà jẹ́ òótọ́, tó bá ti kó ìtìjú bá òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni. Túndé Thompson àti Nduka Irabor ti Guardian ṣẹ̀wọ̀n nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin, nítorí fóònù tuntun lẹ ṣe dákẹ́!

Mo mọ̀ pé owó oṣù yín kì í tètè wọlé. Síbẹ̀, owó ọkọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ẹ́ńfílóòpù fún yín, ẹ yéé gbà á. Ẹ má sì pa ohùn ẹnikẹ́ni rẹ́.

Mo bi í bóyá ohùn àwọn obìnrin yẹn ṣì wà. Ó ní inú fóònù àtijọ́ ló wà, òun sì ti tà á. Mo ní ká jọ padà lọ sí abúlé náà lọ́jọ́ Sátidé, màá wọkọ̀ fúnra mi. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì gbé ìpè mi.