Ẹ yọ káfúrà kúrò nínú aṣọ ọmọ

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka ìmọ̀ràn tó jáde lójú ìwé àwọn obìnrin yín lórí bí èèyàn ṣe lè tún inú wọ́dúróòbù rẹ̀ tò, kó sì kó aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ kúrò níbẹ̀. Ó dára, àfi ìlà kan. Ẹ ní ká fọ́n kóró káfúrà sáàárín aṣọ tá a bá fẹ́ kó pamọ́, títí kan aṣọ ọmọ ọwọ́. Èyí ni mi ò lè dákẹ́ lé lórí, torí káfúrà léwu fún ọmọ tuntun. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní Abẹ́òkúta níbí.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má kó aṣọ jáde o. Wọ́dúróòbù tèmi gan-an, ìgbà tí ọmọ mi obìnrin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi la tó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tiwọn, aṣọ tí wọ́n wọ̀ títí tó fi gbó ni. Tiwa kì í gbó mọ́. Aṣọ ẹbí la rà. A wọ̀ ọ́ ní Sátidé kan ṣoṣo, a jẹun, a ya fọ́tò, ó parí. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tún wọ léèsì kan náà lọ sóde mìíràn, ẹ ó gbọ́ "Aṣọ ìgbéyàwó ọjọ́sí kọ́ rèé?" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kún tí ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́, tí ìyókù wá wọ inú Ghana-Must-Go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

A da gbogbo rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Gèlè wà níbẹ̀ tí a ò tíì yọ kúrò nínú ọ̀rá. Àǹkárá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ àwòrán olóògbé sí, ojú ìyá náà ń wò wá láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta lẹ fẹ́ fún nírú aṣọ yẹn? Ọmọ mi ní ká fi rán àpò ìrọ̀rí. Mo ní mi ò lè máa gbórí lé ìyá yẹn láyà lálaalẹ́. A ò tíì yanjú ìyẹn. Léèsì tó ti há mọ́ mi lápá rọrùn ní tiẹ̀: obìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ládùúgbò wa ló kó wọn lọ, ó ní òun á tú wọn, òun á fi rán ti ọmọdé.

Sányán ìyá mi, aṣọ òkè tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn, kò kúrò nílé yìí. Ẹ má gbé aṣọ òkè kọ́ háńgà o. Ó wúwo, èjìká rẹ̀ á fà. Kíká ni kẹ́ ẹ ká a, kẹ́ ẹ sì máa tú u, kẹ́ ẹ tún un ká sí ojú ibòmíràn látìgbàdégbà, torí bó bá pẹ́ lójú ìká kan náà, ibẹ̀ lòwú á ti já, pàápàá èyí tí wọ́n fi òwú tó ń dán hun. Adìrẹ tí mo rà ní Ìtòkú, abẹ́ ibòji ni mò ń sá a sí kí aró rẹ̀ má bàa ṣá. Ní ti kòkòrò, òógùn abíyá àti epo jọ̀lọ́ọ̀fù tó ta sáṣọ ló ń bá wá. Aáyán sì fẹ́ràn ṣítáàṣì. Ẹ fọ aṣọ kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́, ẹ má fi ṣítáàṣì sí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, bí ọyẹ́ bá sì dé, ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù sílẹ̀ lọ́sàn-án. Aṣọ tó mọ́, tó gbẹ, kí ló ń wá lọ́dọ̀ káfúrà?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọmọ. Kóró funfun tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà ní káfúrà, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní naphthalene ni púpọ̀ nínú wọn. Kì í yọ́ domi. Ńṣe ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, tó ń wọnú òwú. Òórùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, òun gan-an ni. Ọmọ tá a bá wọ aṣọ náà fún á fà á símú, á sì tún gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ nílẹ̀ wa la bí tí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára wọn. Ọmọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n sì ti ń jogún rẹ̀, bí ìyá náà ò tiẹ̀ mọ̀. Èròjà yìí ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Níbi tí kò bá ti tó, tí naphthalene bá dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹyinjú ọmọ á pọ́n bí ìyeyè. Ibà pọ́njú nìyẹn. Bí ohun tó ń mú ojú pọ́n yìí bá pọ̀ jù lára ọmọ, ó lè wọ ọpọlọ. Ọmọ lè kú. Ẹlòmíì á yè é, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò ní gbọ́ràn, tàbí kí ọrùn rẹ̀ má dúró. Àwọn dókítà ọmọdé ní Ìbàdàn ti ń kọ nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1980.

Ní wọ́ọ̀dù wa, ìyá ọmọ á gbé ọmọ dé, ọmọ ò mu ọyàn mọ́. A ó bi í pé kí ló fún ọmọ, á ní òun ò fún un ní nǹkan kan. Òótọ́ ló ń sọ. Bá a bá wá tú báàgì tí wọ́n kó aṣọ ọmọ sí, òórùn ibẹ̀ á kọlù wá. Ìyá ọkọ ló kó aṣọ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà pamọ́, tìfẹ́tìfẹ́, kóró káfúrà ní gbogbo igun. Ta ló fẹ́ bá ìyá àgbà wí níṣojú ìyàwó ilé? A ó bọ́ ọmọ síhòòhò, a ó gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù tó ń mú kí ibà pọ́njú rọlẹ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, ó di kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Mi ò sọ pé káfúrà ló ń fa gbogbo ibà pọ́njú o. Ọmọ tí kò pé oṣù lè ní in, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ kò bára mu náà lè ní in. Èyí tó wà níkàáwọ́ wa ni mò ń sọ. Bẹ́ ẹ bá sì rí i lójú ọmọ, ẹ má gbé e sóòrùn àárọ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó níran, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe aṣọ ọmọ nìkan. Ọjọ́ ìkómọ ni ìyá àti ìyá àgbà máa ń gbé aṣọ tó dára jù jáde nísàlẹ̀ àpótí, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ á sì máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, láyà gbogbo wọn. Ìró tí wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n ńkọ́? Aṣọ tó bá ti bá káfúrà gbé, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sáfẹ́fẹ́, ẹ tún un fọ̀. Bí imú bá ṣì ń gbọ́ ọ, kó má kan ọmọ tuntun. Ẹ má sì jẹ́ kí kóró rẹ̀ wà níbi tọ́wọ́ ọmọ tó ń rá lè tó, súìtì ló jọ lójú wọn.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún, Olótùú, ni pé kẹ́ ẹ tún ìlà yẹn ṣe, lójú ìwé àwọn obìnrin kan náà, kí lẹ́tà tẹ́ ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ má sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Àwọn ìyá ọkọ ló ń ka ojú ìwé yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò sì lo jígí ojú.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.